Oṣù 8 ni mo lò níbi iṣẹ́, wọ́n ní kí n máa bọ̀ ní Amẹ́ríkà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Iléeṣẹ́ wa ní ẹ̀ka káàkiri ayé, wọ́n wá ní àwọn fẹ́ gbé mi lọ sí ti Amẹ́ríkà, L-1 ni wọ́n pe físà ọ̀hún. Oṣù 8 péré ni mo tíì lò lọ́dọ̀ wọn. Ọ̀gá mi ní kí n fọkàn balẹ̀, àmọ́ ìyàwó mi ní òun ò lọ jókòó sílé lásán o. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

ÌDÁHÙN: Arákùnrin wa, ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé kó rọra ṣe. Ọdún 1 gbáko ni òfin ní kéèyàn ti fi ṣiṣẹ́ fún iléeṣẹ́ náà níta Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 3 tó ṣáájú, tẹ́ ẹ bá sì ti yọjú sí Amẹ́ríkà fún ìpàdé tàbí fàájì, wọn ò ní ka àwọn ọjọ́ yẹn mọ́ ọn.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti lajú dáadáa ni irú L-1 tí wọ́n fẹ́ gbà fún yín. L-1A wà fáwọn mánígà, ó lè tó ọdún 7, L-1B wà fẹ́ni tó nímọ̀ àrà ọ̀tọ̀ nípa iṣẹ́ iléeṣẹ́ náà, ìyẹn ò kọjá ọdún 5. Orúkọ oyè kọ́ ni wọ́n ń wò o! Wọ́n lè kọ “mánígà” gàdàgbà sínú lẹ́tà, tó bá jẹ́ ẹ̀yin náà lẹ̀ ń ṣe gbogbo iṣẹ́ ọ̀hún látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tẹ́ ẹ ò darí ẹnikẹ́ni, tí kò sí ẹ̀ka iṣẹ́ gidi kan tó wà níkàáwọ́ yín, wọ́n lè dá a padà.

Tìyàwó yín ò le rárá. Físà L-2 ló máa gbà, àtìparí ọdún 2021 ni wọn ò ti béèrè ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́tọ̀ mọ́, kó ṣáà ti rí i pé L-2S, ìyẹn àmì ọkọ tàbí aya, ló wà lórí I-94 rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìwọlé rẹ̀ sí Amẹ́ríkà, tó bá wọlé. Àwọn ọmọ tí ò tíì pé 21 lè lọ síléèwé, wọn ò lè ṣiṣẹ́.

Iléeṣẹ́ ló ń fi fọ́ọ̀mù I-129 béèrè, kì í ṣe ẹ̀yin, kò sì sí lọ́tìrì níbẹ̀ bíi ti H-1B, físà iṣẹ́ mìíràn. Ìyẹn dáa, àmọ́ òun náà ló fà á tí físà yín fi so mọ́ iléeṣẹ́ náà lọ́rùn: tí iṣẹ́ bá bọ́, ó pẹ́ tán, ọjọ́ 60 lẹ ní láti tún ọ̀rọ̀ ara yín ṣe. Ẹ gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n kọ lọ́wọ́ lọ́yà wọn kẹ́ ẹ tó lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, torí ohun tó wà níbẹ̀ ni wọ́n máa bi yín.