Páìpù Òjò àti Ọ̀nà Ìgbọ̀nsẹ̀: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Àwọn Òǹkàwé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Mo ń kọ́ ilé oníyàrá mẹ́rin lọ́wọ́ ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn, a sì ti kan òrùlé rẹ̀ tán. Páìpù mẹ́rin ni yóò máa gbé omi òjò sọ̀kalẹ̀ láti inú gọ́tà òrùlé. Púlọ́ḿbà mi ní kí n jẹ́ kí òun so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ tó ń lọ sínú táńkì lẹ́yìnkùlé. Ó ní bí òjò bá ti ń rọ̀, omi yóò máa fọ páìpù náà fúnra rẹ̀, n kò sì ní máa gbá ewé àti yanrìn lójú àgbàlá mọ́. Ìyàwó mi kò fara mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sọ ju pé ọkàn òun kò gbà á lọ. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú àwọn méjèèjì? – Onílé Tuntun, Mọ́níyà.

ÌDÁHÙN: Ìyàwó yín ni kí ẹ gbọ́ tirẹ̀. Ẹ má bínú sí púlọ́ḿbà yín o, nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ọgbọ́n díẹ̀ nínú: omi tó pọ̀ tó sì ń sáré a máa gbá páìpù mọ́ lóòótọ́. Ohun tó gbàgbé ni ibi tí omi náà ń lọ lẹ́yìn tó bá ti fọ páìpù tán.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ẹ bá gbé garawa tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúró gbọọrọ sí gbangba, tí òjò dá, tí omi inú rẹ̀ sì ga tó mìlímítà 50, ìyẹn bí íǹṣì méjì, òjò ńlá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjèjì n'Ìbàdàn láàárín ìgbà òjò. Gbogbo ibi tó fẹ̀ tó mítà kan lóòró àti mítà kan níbùú lórí òrùlé yín ni irú òjò bẹ́ẹ̀ yóò da lítà 50 lé. Bí òrùlé náà bá jẹ́ mítà 15 lóòró àti mítà 12 níbùú, omi tí yóò sọ̀kalẹ̀ á tó lítà 9,000. Ẹ fojú inú wo táńkì dúdú onílítà 1,000 tí àwọn ènìyàn ń gbé sórí pèpéle, kí ẹ to mẹ́sàn-án sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Táńkì ìgbọ̀nsẹ̀ tó jẹ́ mítà 2.4 lóòró, mítà 1.2 níbùú, tí omi inú rẹ̀ sì jìn tó mítà 1.5, kò gbà ju lítà 4,320 lọ. Òjò ọjọ́ kan ṣoṣo yóò kún un lẹ́ẹ̀mejì, yóò sì tún ṣẹ́kù.

Táńkì yìí kì í sì í ṣe kòtò tí a kàn ń kó nǹkan sí. Ẹni tó bá ti ṣe ògì rí yóò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ. Bí ẹ bá sẹ́ ògì tán, tí ẹ fi í sílẹ̀ kó tòrò, ògì á rọ̀ sísàlẹ̀, omikan á wà lókè. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe ń ṣe nínú táńkì: èyí tó wúwo á rọ̀ sísàlẹ̀, ọ̀rá àti ọṣẹ á léfòó, omi àárín tó ti mọ́ díẹ̀ ni yóò rọra ṣàn lọ sínú sọ́kàwéè, tí ilẹ̀ yóò sì mu ún. Àwọn kòkòrò tíntìntín tí ojú kò lè rí, tí wọn kò nílò afẹ́fẹ́, ń jẹ ohun tó wà nísàlẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Wàyí o, ẹ jẹ́ kí ọmọdé kan da odindi korobá omi lu ìkòkò ògì tó ti tòrò. Gbogbo rẹ̀ á dàrú, á sì ṣàn dànù. Bí omi òjò bá ya wọ táńkì yín, ẹ̀gbin tó yẹ kó dúró nísàlẹ̀ yóò bá a lọ sínú sọ́kàwéè, yóò dí gbogbo ihò wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀, sọ́kàwéè tí ì bá sìn yín fún ọ̀pọ̀ ọdún á sì kọ̀ láti mu omi. Ìgbà òjò náà sì ni ilẹ̀ ti mu omi yó tẹ́lẹ̀, tí kò ní àyè fún àlejò.

Mo rántí ilé kan tí wọ́n pè mí sí, níbi tí wọ́n ti ṣe irú ìsopọ̀ yìí. Òjò náà kò tíì rọ̀ tó ogún ìṣẹ́jú tí omi inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìsàlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó gùdùgùdù bí ẹni pé iná wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá onílé fi igi gbé ìdérí kòtò àyẹ̀wò, níbi tí a ti ń yẹ páìpù ìgbọ̀nsẹ̀ wò, sókè. Omi dúdú ti kún un dé ọrùn, ó ń yí po, ewé fúrúǹtù ń léfòó lórí rẹ̀ pẹ̀lú ohun tí n kò ní dárúkọ nínú ìwé ìròyìn, àwọn aáyán sì ń sá jáde gba ẹsẹ̀ ògiri. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti sanwó fún ọkọ̀ tó ń fa ìgbọ̀nsẹ̀ láàárín oṣù mẹ́rin, àwọn ayálégbé ni wọ́n sì ń bá wí pé wọ́n ń lo omi nílòkulò. Kò sẹ́ni tó wo òkè.

Bí kànga bá wà nínú ọgbà yín tàbí ti aládùúgbò yín, ọ̀ràn náà tún le sí i, nítorí sọ́kàwéè tó bá ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ yóò wá ọ̀nà mìíràn gbà. Mítà 30 ni àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó sábà máa ń dámọ̀ràn pé kó wà láàárín kànga àti sọ́kàwéè, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ̀ bí ilẹ̀ àwọn ará ìlú wa ṣe fẹ̀ tó.

Níbo ni kí omi náà wá gbà? Bí ojú àgbàrá tí wọ́n fi kọnkéré ṣe bá wà níwájú ilé yín, ẹ darí rẹ̀ síbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kó gba inú ọgbà ẹlòmíràn kọjá. Bí kò bá sí, ẹ gbẹ́ kòtò tirẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ kó òkúta wẹ́wẹ́ kún un, kó sì jìnnà sí ìpìlẹ̀ ilé ní mítà márùn-ún ó kéré tán. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni pé kí ẹ kọ́kọ́ gba díẹ̀ sínú táńkì omi lọ́tọ̀ fún aṣọ fífọ̀ àti omi ìdàsílé ìgbọ̀nsẹ̀, kí àkúnwọ́sílẹ̀ táńkì náà tó máa lọ síta. Àwọn baba wa ní àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Àwa ará Ìbàdàn kò nílò ẹni tí yóò túmọ̀ ìyẹn fún wa: ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa gbé ilé àti ènìyàn lọ, ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ni omíyalé ńlá mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Gbogbo lítà omi tó bá dúró nínú ọgbà yín fún wákàtí díẹ̀ ti dín lára èyí tó ń ya lu odò lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ gbígbá àti fífọ̀, èyí tó jẹ́ kí púlọ́ḿbà yín mú àbá rẹ̀ wá. Ibi tí páìpù ń lọ kọ́ ló ń mú kó rọrùn láti tún ṣe, bí kò ṣe ibi tí ọwọ́ ènìyàn ti lè wọ inú rẹ̀. Páìpù tó bá ti wọlẹ̀ láìní ẹnu kankan, ó ti di àdììtú. Nítorí náà, ẹ sọ fún un pé kó ṣe ẹnu onídèérí sí ara páìpù kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ìbàdí ènìyàn, kí ẹ lè ṣí i láìgun àkàbà. Níbi tí páìpù bá ti yí, kí ó má lo ẹ́líbò kan tó ṣẹ́ wọ́ọ́kú, kí ó lo méjì tó rọra tẹ̀, nítorí inú ìgunpá ni ewé máa ń dì sí. Ní ìsàlẹ̀ páìpù, kí bíríkìlà mọ kòtò kékeré onígun mẹ́rin tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jìn ju ẹnu páìpù tó ń gbé omi jáde lọ ní bí àtẹ́lẹwọ́ méjì, kí yanrìn lè rọ̀ síbẹ̀, kí ẹ fi apẹ̀rẹ̀ wáyà sínú rẹ̀ fún ewé, kí ẹ sì fi irin asẹ́ tó ṣeé gbé dé e lójú. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè gbé apẹ̀rẹ̀ náà, kó gbọ̀n ọ́n sórí ààtàn, kó sì dá a padà. Páìpù abẹ́ ilẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀: láàárín mítà 10, kí ìparí rẹ̀ fi bíi sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ.

Lókè pátápátá, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì wáyà bo ẹnu ibi tí omi ti ń bọ́ sínú páìpù, pàápàá bí igi fúrúǹtù tàbí máńgòrò bá wà nítòsí, nítorí ewé fúrúǹtù kan ṣoṣo tó láti bo ẹnu páìpù oní-íńṣì mẹ́ta pátápátá. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan tún gọ́tà òrùlé ṣe kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, nígbà tí eruku ọyẹ́ ṣì wà níbẹ̀, kí ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí òjò bá sinmi díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ojúṣe. Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù ni èmi ń gbé, nínú ilé tí wọ́n ti kọ́ láti ayé Ọbabìnrin Victoria. Páìpù òjò ń da omi lé irin asẹ́ kan lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná, ewé a sì máa dí i débi pé omi ń ta sí ògiri. Kọ́lékọ́lé kan ní òun fẹ́ yọ irin náà kúrò, kí òun so páìpù tààrà mọ́ ti abẹ́ ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ẹ máa ń kọ́ wa pé omi òjò àti ìgbọ̀nsẹ̀ kì í pàdé. – Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Lọ́ńdọ̀nù.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ìlú yàtọ̀ sí ìlú. Nígbà tí odò Thames rùn débi pé àwọn aṣòfin kò lè jókòó dáadáa ní ọdún 1858, wọ́n gbé iṣẹ́ fún ẹnjiníà kan, Joseph Bazalgette, láti ṣe àwọn ihò ńláńlá abẹ́ ilẹ̀ tí yóò gbé ẹ̀gbin kúrò láàárín ìlú. Ihò kan náà ni wọ́n jẹ́ kó máa gba omi òjò àti ìgbọ̀nsẹ̀ pọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì wà ní apá púpọ̀ nínú Lọ́ńdọ̀nù títí di òní. Bí òjò bá pọ̀ jù, ó máa ń kún, a sì máa tú sínú odò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbẹ́ ihò tuntun tó gùn tó kìlómítà 25 sábẹ́ Thames, èyí tí wọ́n parí síso gbogbo ẹnu rẹ̀ pọ̀ ní ọdún 2025. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe kí páìpù tiyín ti máa gba méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fojú dá a. Ní àdúgbò tí ọ̀nà méjèèjì bá ti wà lọ́tọ̀, àṣìṣe ni láti so òjò mọ́ ti ìgbọ̀nsẹ̀, àṣìṣe tó sì burú jù ni láti so ẹ̀rọ ìfọṣọ mọ́ ti òjò, nítorí ọṣẹ yín á bọ́ sódò tààrà.

Òfin ilé kíkọ́ ní Ẹ́ńgílàǹdì fẹ́ kí a kọ́kọ́ gbìyànjú kòtò tí ilẹ̀ yóò ti mu omi, lẹ́yìn náà odò tàbí ojú omi, kó tó kan páìpù ìjọba. Ilẹ̀ amọ̀ wọ́pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, kò sì rọrùn fún un láti mu omi. Bí tiyín bá lè mu ún, tí omi òjò kankan kò sì wọ páìpù ìjọba mọ́, ẹ lè béèrè pé kí ilé-iṣẹ́ omi dín owó yín kù. Ẹ bá ẹ̀ka tó ń bójú tó ilé kíkọ́ ní káńsù yín sọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ ilẹ̀.

Ní ti ohun tí kọ́lékọ́lé yẹn sọ, n kò fara mọ́ ọn. Abẹ́ irin asẹ́ náà ni ìkòkò kan wà tí omi máa ń dúró sí nígbà gbogbo, omi yẹn ló sì ń dí òórùn mọ́lẹ̀. Bó bá yọ ọ́ kúrò, òórùn inú ihò á gba inú páìpù òjò gòkè, á sì jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn. Ewé tí ẹ ń rí báyìí á kàn lọ fara pamọ́ ni. Ẹ ní kó fi irú ìkòkò tó ní ẹnu lẹ́yìn sí i, kí páìpù òjò wọlé lábẹ́ irin asẹ́ ṣùgbọ́n lókè omi tó dúró. Omi kò ní ta sí ògiri mọ́, ewé á bọ́ sínú ìkòkò, ẹ̀yin á sì gbé irin kúrò, ẹ ó wọ ìbọ̀wọ́, ẹ ó sì fi ọwọ́ kó o.

ÌBÉÈRÈ: Èmi ti so tèmi mọ́ ti ìgbọ̀nsẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Kí ni kí n ṣe? – Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ẹ po búlúù aṣọ mọ́ garawa omi, kí ẹ dà á sínú páìpù òjò kọ̀ọ̀kan, kí ẹnì kan sì dúró ti kòtò àyẹ̀wò láti mọ èyí tó dé ibẹ̀ gan-an. Èyí tó bá dé ibẹ̀ ni kí ẹ gé lókè ilẹ̀, kí ẹ darí rẹ̀ síbòmíràn. Ẹ fi ìdérí páìpù àti gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu èyí tó ṣẹ́kù nínú ilẹ̀ pinpin. Bí ẹ bá ki àkísà bọ̀ ọ́ lẹ́nu lásán, àwọn aáyán á jáde lálẹ́ ọjọ́ náà.