Èsì: Ọmọ Amẹ́ríkà ni Sidney Poitier àbí ọmọ Bahamas?

Ẹ kú àríyànjiyàn o. Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ tẹ́ ẹ ń jiyàn lórí ibi tí Sidney Poitier, gbajúmọ̀ òṣèré fíìmù, ti wá, ẹ̀yin méjèèjì lẹ jàre. Miami ni wọ́n bí i sí ní 1927, ìyẹn ló sọ ọ́ di ọmọ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n tòmátì làwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ará Bahamas, wá tà níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ fi bímọ láìtóṣù. Cat Island ní Bahamas ló ti gbọ́njú.

Ti Oscar, àmì-ẹ̀yẹ fíìmù Amẹ́ríkà, tó o bèèrè bóyá òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbà á, òótọ́ ni pé òun ni àkọ́kọ́ ní 1964, tó bá jẹ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó gba ti olú òṣèré lò ń sọ. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, Hattie McDaniel, òṣèrébìnrin aláwọ̀ dúdú, ti gba ti amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ olú òṣèré ní 1940.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni pé American Negro Theatre, ẹgbẹ́ òṣèré aláwọ̀ dúdú ní Harlem ní New York, kọ́kọ́ lé e, torí ohùn erékùṣù Bahamas ẹnu rẹ̀, kò sì mọ̀wé kà dáadáa. Ó ra rédíò, ó ń sín sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jẹ. Níbi tó ti ń fọ abọ́, bàbá Júù kan tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ló ń jókòó tì í lálẹ́, ìwé ìròyìn lọ́wọ́, tó ń kọ́ ọ ní kíkà.