Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Alásè Mélòó Ló Yẹ Kó Ní Ìwé-ẹ̀rí Nílé Ìtọ́jú Àgbàlagbà?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ilé ìtọ́jú àgbàlagbà kan ni mo ń bójú tó ní Bódìjà. Èèyàn 22 là ń fún lóúnjẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Nínú alásè wa mẹ́rin, ẹnì kan ṣoṣo ló kọ́ṣẹ́ oúnjẹ tó sì gbàwé-ẹ̀rí. Àwọn yòókù ní ìwé àyẹ̀wò ìlera. Ṣé ìyẹn tó? (Alábòójútó, Ìbàdàn)

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn àgbà o. Kò tó rárá. Ìwé àyẹ̀wò ìlera kò ju pé wọ́n yẹ alásè wò, wọn ò bá àrùn lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sọ pé ó mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ó yẹ kí ẹnì kan tó gbàwé-ẹ̀rí wà nílé ìdáná ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń dáná. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ sí mẹ́jọ alẹ́, wákàtí 14 ni. Lọ́sẹ̀, ó di 98. Bí ẹnì kan bá ń ṣe wákàtí 48 lọ́sẹ̀, ẹni méjì ò lè kárí rẹ̀. Ẹni mẹ́ta tó gbàwé-ẹ̀rí ló kéré jù.

Ẹ wo ìrẹsì ọ̀sán tó ṣẹ́kù. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ á dé e pa sínú ìkòkò títí di alẹ́. Kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí, tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus, wà nínú ìrẹsì, sísè kì í pa á tán. Bí ìrẹsì bá lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ́, á pọ̀ sí i, á sì tu májèlé tí gbígbé kaná lẹ́ẹ̀kejì kò lè pa. Ẹni tó mọṣẹ́ á tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú àwo pẹrẹsẹ, kó lè kúrò ní 60°C bọ́ sí 21°C láàárín wákàtí 2, kó sì dé 5°C láàárín wákàtí 4 sí i. Níbi tí iná kì í dúró, ẹ kúkú máa se ìwọ̀n tó máa tán.

Fún àwọn tí oúnjẹ tètè máa ń pá lórí, ẹran lílọ̀ wọn kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 4 lọ, kó sì rin dáadáa. Iyán tó ń fà léwu fún wọn, bó ti wù kó kúnná tó.

Alásè tó bá ń ya ìgbẹ́ gbuuru kò gbọdọ̀ wọ ilé ìdáná títí wákàtí 48 lẹ́yìn tó bá dá.

Kí àwọn méjì mìíràn tó kọ́ṣẹ́ tán, ẹ fi ẹni kan yẹn sí aago 11 àárọ̀ sí 7 alẹ́, ìgbà tí oúnjẹ ọ̀sán ń tutù tí wọ́n sì ń gbé ti alẹ́ kaná. Kí ti àárọ̀ jẹ́ ẹ̀kọ mímu àti mọ́ínmọ́ín tí wọ́n sè lójú ẹsẹ̀.