Ìyá mi ti dàgbà, ilé ń pè mí: ṣé kí n kó ẹrù mi kúrò ní Peckham?

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àfaradà wa. Ọmọ Iléṣà ni mí. Ọdún 24 ni mo ti lò ní London, ilé kánsù, ilé ìjọba ìbílẹ̀ tí à ń sanwó rẹ̀, ni à ń gbé ní Peckham. Iṣẹ́ alẹ́ ni mo ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mo sì ti san owó National Insurance, èyí tí wọ́n fi ń ṣírò owó ìfẹ̀yìntì ìjọba, fún ọdún 21. Ọmọ ọdún 54 ni mí. Mo ti gba ìwé ọmọ ìlú Bìrìtéènì, ṣùgbọ́n ọkọ mi kò gbà á. Ìwé ìgbélùú tí kò ní gbèdéke ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀. Àkọ́bí wa ti ń ṣiṣẹ́. Èyí àbúrò jẹ́ ọmọ ọdún 17, ó ku ọdún kan kó parí A-level, ẹ̀kọ́ tó ṣáájú yunifásítì.

Ìyá mi ti pé ọdún 81. Òun àti ọmọ ọ̀dọ̀ kan ló ń gbé ilé bàbá mi. Lóṣù tó kọjá, ó ṣubú ní balùwẹ̀. Bí fóònù bá ti dún lẹ́yìn aago mẹ́wàá alẹ́, àyà mi á já. Láti 2017 ni mo ti ń fi owó ránṣẹ́ sí àbúrò mi ọkùnrin kó bá mi kọ́lé. Nígbà tí mo dé ibẹ̀ ní Dìsẹ́ńbà 2024, ilé tó ní òun ti kan páànù lé kò tíì kọjá ojú fèrèsé. Síbẹ̀, gbogbo Dìsẹ́ńbà tí mo bá wálé ni ara mi máa ń yá, kódà ẹ̀jẹ̀ ríru mi máa ń lọ sílẹ̀. Ọkọ mi ní kí n ní sùúrù títí n ó fi máa gba owó ìfẹ̀yìntì. Ní tèmi, mo fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, kí n kó ẹrù mi wálé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Èmi ni, Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ní Peckham.

Àbúrò mi,

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka lẹ́tà rẹ kí n tó mú bírò. Ibi tí o ti sọ̀rọ̀ fóònù tó ń dún lẹ́yìn aago mẹ́wàá ni mo dúró lé pẹ́. Mo mọ fóònù yẹn. Manchester ni mo wà nígbà tí tèmi dún ní 2011, torí ìyá mi ni wọ́n ṣe pè.

Ọdún 19 ni mo ti lò níbẹ̀ nígbà náà. Kí oṣù mẹ́rin tó pé, mo ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, mo ti ta ilé kékeré tí mo rà, mo ti kó ẹrù sínú kọ̀ǹtéénà, mo sì ti dé Ìbàdàn. Oṣù márùn-ún ni mo fi wẹ̀ fún ìyá mi, tí mo ń fi ṣíbí bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu. Mi ò kábàámọ̀ ọjọ́ kan nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oṣù márùn-ún náà ni. Lẹ́yìn ìsìnkú, nígbà tí ẹbí ti túká, tí àwọn onítẹ́ńtì ti wá kó àga wọn lọ, mo jí lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ní Àkóbọ̀, mi ò sì mọ ohun tí mo fẹ́ ṣe títí ilẹ̀ ọjọ́ náà yóò fi ṣú. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, mò ń wo àwọn ọmọ iléèwé tó ń kọjá lọ. Ẹni tí mo torí rẹ̀ wálé ti wà nínú ilẹ̀. Ọmọ ọdún 52 ni mí nígbà náà.

Nítorí náà, kí á tó dé orí owó, ohun kan ni mo fẹ́ bi ọ́. Kí ni wàá máa ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun? Mi ò bèèrè ohun tí wàá ṣe lọ́jọ́ Sátidé tí òde wà, tàbí lọ́jọ́ Àìkú tí ẹ ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mò ń bèèrè ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán, láago mẹ́wàá àárọ̀, nígbà tí gbogbo ojúlùmọ̀ rẹ ti bá iṣẹ́ wọn lọ. Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí màmá sí. Síbẹ̀ ìwọ náà mọ̀ pé bí o bá padà wálé ní 55, o lè lo ọdún 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilé tí màmá kò ní sí níbẹ̀. Ohun tó máa mú ọ dìde lórí bẹ́ẹ̀dì láwọn ọdún yẹn ni kí o wá rí kí o tó dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ti màmá kò ní dúró di ọdún tó ń bọ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tó ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan lè tún ṣubú. Lọ́sẹ̀ yìí, fi owó ránṣẹ́ tààrà sí káfíńtà àti púlọ́ńbà, má gba ọwọ́ àbúrò rẹ. Kí wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀, kí wọ́n tẹ́ rọ́bà tí kì í yọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n gbé àga oníke tó lágbára síbẹ̀ tí màmá yóò máa jókòó wẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń gbálẹ̀ kò tó fún ẹni ọdún 81. Àgbàlagbà obìnrin tó lè gbé e dìde, tó lè ka orúkọ oògùn, ni kí o gbà, kí o sì san owó tó jọjú fún un. Kí wọ́n gbé màmá lọ sí Wesley Guild níbẹ̀ ní Iléṣà, abẹ́ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀ ló wà. Kí dókítà wo egungun ìbàdí rẹ̀, ojú rẹ̀ àti oògùn tó ń lò, torí oògùn míì wà tó máa ń fa òòyì. Kí ni mo tún ń kọ́ ọ sí? Òru dòru lo fi ń ṣe èyí fún ìyá oníyàá ní London. Ó dá mi lójú pé ibẹ̀ ló ti ń dùn ọ́ jù.

Ó wá kan Dìsẹ́ńbà tó ń mú ara rẹ yá. Àbúrò mi, Dìsẹ́ńbà kọ́ ni ilé. Ní Dìsẹ́ńbà, ọyẹ́ ń fẹ́, gbogbo èèyàn ti wálé, pọ́n-ùn wà nínú báàgì rẹ, o ò ṣe iṣẹ́ alẹ́ kankan. Ta ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní rọlẹ̀? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá fojú àná wòkú, ẹbọra á bọ́ ọ láṣọ. Fẹ́búárì ni kí o wá, nígbà tí ooru ń mú tí kànga ń fà. Kí o wà ńbẹ̀ di Ọ́gọ́ọ́sì, kí òjò Júùnù bá ọ níbẹ̀, kí iná lọ fún ọjọ́ mẹ́rin, kí ẹni tó ṣèlérí láago mẹ́sàn-án dé láago méjì. Àwọn tó ń kí ọ lójoojúmọ́ á ti dẹwọ́ nígbà náà, wọn á sì máa bá ọ lò bí aládùúgbò wọn. Bí ara rẹ bá ṣì yá ní Júláì, a jẹ́ pé ilé ń pè ọ́ lóòótọ́.

Bèèrè lọ́wọ́ ibi iṣẹ́ rẹ bóyá wọ́n lè yọ̀ǹda oṣù mẹ́fà fún ọ láìsanwó. Má dá kọ́kọ́rọ́ ilé kánsù padà. Kí ọkọ rẹ àti ọmọ rẹ máa gbé e nìṣó.

Ọmọ yẹn, má mú un kúrò níbẹ̀ rárá. Jẹ́ kó parí A-level rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Bó bá wá gbé Nàìjíríà lọ títí, tó sì tún fẹ́ padà lọ wọ yunifásítì ní Ìlú Ọba, wọ́n á wo ibi tó ti gbé fún ọdún mẹ́ta tó ṣáájú. Wọ́n lè ní kó san owó tí àlejò láti òkèèrè ń san.

Ti ọkọ rẹ ló ń kọ mí lóminú jù. Ẹni tó ní ìwé ìgbélùú irú tirẹ̀, bó bá kúrò ní Bìrìtéènì ju ọdún méjì lọ ní ìdúró kan, ìwé náà ti kú nìyẹn. Tìrẹ tí o jẹ́ ọmọ ìlú kò lè kú bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ti ń ronú àtijọ wálé, kó lọ gba ìwé ọmọ ìlú kó tó gbé ẹsẹ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ọmọ ìlú ni ìyàwó rẹ̀, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n máa yẹ̀ wò. Kò gbọ́dọ̀ ti lò ju ọjọ́ 270 lọ lẹ́yìn odi láàárín ọdún mẹ́ta náà, kò sì gbọ́dọ̀ ju ọjọ́ 90 lọ nínú oṣù 12 tó gbẹ̀yìn. Bó bá tẹ̀ lé ọ wá lo oṣù mẹ́fà báyìí, ó ti ba ìṣirò ara rẹ̀ jẹ́. Nàìjíríà kò ní gba jíjẹ́ ọmọ Nàìjíríà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 gbà kí ẹni tí a bí ní ọmọ Nàìjíríà jẹ́ ọmọ ìlú méjì.

Ọkọ rẹ rí nǹkan tí ìwọ kò fẹ́ wò. Wọ́n ń bèèrè ọdún 35 tí èèyàn ti san National Insurance kí owó ìfẹ̀yìntì ìjọba tó lè pé, ìwọ sì ní 21. Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ rẹ̀ fún 2025 sí 2026 jẹ́ pọ́n-ùn 230 àti pẹ́nsì 25 lọ́sẹ̀. Bí ìṣirò bá lọ tààrà, tìrẹ á máa lọ sí nǹkan bíi pọ́n-ùn 138. Ó di ọdún 67 kí o tó fojú kàn án. Ọdún 13 nìyẹn tí wàá fi jẹun láìsí i. Ohun tó wá ń dùn mí níbẹ̀ nìyí: bí o bá bẹ̀rẹ̀ sí gbà á ní Nàìjíríà, iye tó bá jẹ́ lọ́jọ́ náà ló máa dúró lé. Àfikún ọdọọdún tí wọ́n ń ṣe fún àwọn tó wà ní Bìrìtéènì kò ní kàn ọ́. Ẹni tó fẹ̀yìn tì sí Jàmáíkà ń rí àfikún yẹn gbà, ẹni tó wá sí Iléṣà kì í rí i, bẹ́ẹ̀ owó kan náà la jọ san. Tún mọ̀ pé ibi tí èèyàn ń gbé ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ìwòsàn wọn. Bí o bá ti kó kúrò pátápátá, ìwé ìrìnnà rẹ kò ní dá wọn dúró kí wọ́n má já ìwé owó fún ọ.

Bí wọ́n bá ń ki Ìjẹ̀ṣà, wọ́n á ní Ìjẹ̀ṣà kì í rídìí ìṣáná, ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Ìwọ náà, mú iná dání wá. Èmi kò mú un dání. Lẹ́yìn tí mo san gbèsè ilé mi tán ní 2011, pọ́n-ùn 30,000 ló ṣẹ́ kù. Nǹkan bíi náírà 250 ni pọ́n-ùn kan nígbà náà. Mo ṣẹ́ gbogbo rẹ̀ pátá, ó di mílíọ̀nù méje àti ààbọ̀, mo sì rò pé mo ti di olówó. Apá tí mo fi sí báńkì ń yọ́ lójú mi bí òrí nínú oòrùn. Lẹ́yìn tí báńkì àpapọ̀ jọ̀wọ́ náírà sílẹ̀ ní Júùnù 2023, ó burú sí i. Ní 2025, tí pọ́n-ùn kan ń rìn lágbègbè náírà 2,000, mílíọ̀nù méje àti ààbọ̀ yẹn kò ju nǹkan bíi pọ́n-ùn 3,750 lọ. Jọ̀ọ́, jẹ́ kí owó rẹ wà ní pọ́n-ùn. Ohun tí oṣù kan bá fẹ́ jẹ ni kí o máa ṣẹ́.

Owó ilé yẹn, dá a dúró lónìí. Má bá àbúrò rẹ jà lórí fóònù, màmá ló máa gbé ìjà náà sùn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí o bi í, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́: orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀ àti ìwé sọ́fè? Bí o bá dé ní Fẹ́búárì, gba agbẹjọ́rò tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín, kó lọ wádìí. Bó bá jẹ́ orúkọ rẹ ni, bíríkì tó wà nílẹ̀ ṣì wúlò. Bó bá jẹ́ orúkọ rẹ̀, o ti mọ ibi tí o dúró sí kí o tó ná kọ́bọ̀ míì. Èmi ò gbà pé dandan ni kí èèyàn kọ́lé kó tó padà. Ilé àyágbé ni mo ṣì wà ní Àkóbọ̀ títí di òní. Bí o bá máa gbalé ńkọ́, bèèrè irú iná tó wà ládùúgbò. Àwọn tó wà ní Band A, ìpele iná tó ga jù, ni wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, ó sì wọ́n: nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Éépìrì 2024, náírà 225 ni yúnìtì kan.

Mo fẹ́ sọ bí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tèmi ṣe padà ní iṣẹ́ nínú. Obìnrin kan ní àdúgbò wá bi mí bí mo ṣe ń yí ìyá mi padà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò fi dá egbò. Mo lọ fi hàn án. Ó mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ẹlòmíì wá. Báyìí, obìnrin mẹ́jọ ló máa ń jókòó ní pálọ̀ mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, tí mò ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń gbé arúgbó, bí wọ́n ṣe ń fọ egbò, bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra sọ̀rọ̀ láì jágbe mọ́ ọn. Ọdún mẹ́ta gbáko ló gbà mí kí n tó rí i. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ gan-an nìyẹn, àwọn arúgbó tí ọmọ wọn wà lókè òkun sì kún Iléṣà.

Bí o bá dé, kọ̀wé sí mi ní Máàṣì. Má sọ fún mi bóyá o máa dúró tàbí o máa padà. Sọ ohun tí o ṣe lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun fún mi, láti ìgbà tí o jí títí di ìgbà tí o sùn.