Má ra driver tuntun, tọ́jú ìgúnpá rẹ

Ọ̀kún o, àbúrò. Mo ka ohun tí o kọ láti Ìyàrà: pé òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀, o ti gbé igi gọ́ọ̀fù rẹ jáde lẹ́yìn ọyẹ́, bọ́ọ̀lù ń yí sí ọ̀tún ní gbogbo ìgbà tí o bá lo driver, igi tó gùn jù tí a fi ń gbá bọ́ọ̀lù jìnnà, o sì fẹ́ kí handicap rẹ, iye ìgbá tí wọ́n ń yọ fún ọ kí eré lè dọ́gba, wálẹ̀ kúrò ní 24 kí ìdíje oṣù kẹfà tó dé. O bèèrè bóyá kí o ra driver tuntun ni tàbí kí o gba kóòṣì. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni o wá fi ẹnu kan án pé ìgúnpá ọ̀tún rẹ ń ro ọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nǹkan bàbàrà. Nǹkan bàbàrà ni, àbúrò. Òun gan-an ló mú mi jókòó kọ èyí.

Ti driver kò le. Má rà á. Bí bọ́ọ̀lù ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbá bá ń yí sí ọ̀tún, ojú igi ló ṣí sí ọ̀tún ju ipa ọ̀nà tí igi fúnra rẹ̀ ń gbà lọ. Yí ọwọ́ òsì rẹ díẹ̀ sí ọ̀tún lórí igi, títí o fi rí oríkèé ìka méjì tàbí mẹ́ta bí o bá wo ìsàlẹ̀. Má fún igi pa. Ó tán.

Ní ti ìgúnpá, gbọ́ mi dáadáa. Kàbà ni mo ń gbé. Pápá bọ́ọ̀lù ilé ẹ̀kọ́ kan ni mo ti ń dánra wò, bí mo bá sì fẹ́ gbá ihò 18, Ìlọrin tàbí Àbújá ni mò ń lọ. O mọ bí ilẹ̀ wa ṣe máa ń rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn: koríko á gbẹ, yangí á yọ síta, á le koko. Kóòṣì kan tí mo sanwó gidi fún ní kí n máa fi igi gé ilẹ̀ níwájú bọ́ọ̀lù, kí òun lè rí ojú ibi tí igi ti kọjá. Lórí pápá tó ní koríko tútù, ìmọ̀ràn tó dára ni. Lórí yangí oṣù kejì, ọkọ́ tó bá òkúta pàdé nínú ebè ni. Gbogbo agbára tó yẹ kí ilẹ̀ gbà ló ń padà gba inú igi wọ ọwọ́ mi. Mo sọ fún un pé ó ń dùn mí. Ó ní ara mi kò tíì mọ́ ọn ni, kí n tún fi garawa bọ́ọ̀lù kan kún un.

Nígbà tó yá, mi ò lè yí kọ́kọ́rọ́ nínú ilẹ̀kùn mọ́. Bí mo bá gbé ife omi, ìrora á ti inú ìgúnpá sáré lọ sí ọrùn ọwọ́. Àlejò á na ọwọ́ kó bọ̀ mí lọ́wọ́, ara mi á sì máa sá. Èyí tó dùn mí jù ni pé ọwọ́ òsì ni mo fi ń bu iyán níwájú àwọn àgbà ìdílé wa, tí wọ́n ń wò mí láìsọ̀rọ̀. O mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílẹ̀ wa.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ya fọ́tò egungun, wọ́n ní egungun mi kò ní nǹkan kan, pé làkúrègbé ni, wọ́n sì fún mi ní oògùn ìrora. Ẹ̀yin ará, egungun ni fọ́tò yẹn ń fi hàn! Okùn iṣan ló ń dùn mí, níbi tí àwọn iṣan tó ń tẹ ọrùn ọwọ́ àti ìka ti so mọ́ egungun kékeré tó yọ ní ìhà inú ìgúnpá. Dókítà mìíràn gún mi ní abẹ́rẹ́ síbẹ̀. Ìrora lọ, ó ní mo ti yá, kí n padà sórí pápá. Nígbà tó máa padà, ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Abẹ́rẹ́ yẹn lè mú ìrora rọlẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ okùn iṣan di alágbára, kò sì sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún mi lójú owó mi. Títí di òní, inú ń bí mi.

Ọmọbìnrin kan tó ń ṣe físíò, ìtọ́jú iṣan àti oríkèé, ló gbà mí. Ó fi àtàǹpàkò tẹ egungun náà, ó ní kí n tẹ ọrùn ọwọ́ mi sínú kí òun máa dá a dúró, mo sì lọgun. Kò yà mí ní fọ́tò kankan. Ohun tó kọ́ mi nìyí, ìwọ náà lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lónìí bí ìrora rẹ bá wà ní ìhà inú bíi tèmi: gbé apá lé tábìlì, kí àtẹ́lẹwọ́ kọjú sókè, kí ọwọ́ yọ sí etí tábìlì. Di ìgò omi kékeré mú, èyí tó jẹ́ nǹkan bí ìdajì kílò. Fi ọwọ́ kejì gbé e sókè, kí ọwọ́ tó ń dùn ọ́ wá máa sọ ọ́ kalẹ̀ fúnra rẹ̀, jẹ́jẹ́, jẹ́jẹ́. Ìgbà 15, sinmi, tún un ṣe títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta. Bí ó bá ń ro ọ́ díẹ̀, kò burú. Bí ó bá ń gún ọ, dín omi inú ìgò kù. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, àní oṣù, kí okùn iṣan tó le padà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣèlérí ọ̀sẹ̀ kan fún ọ. Bí ọmọńdinrín àti ìka tó tẹ̀ lé e bá ń kú tàbí tí wọ́n ń ta ọ́ jìnnìjìnnì, fi ìgò sílẹ̀ kí o lọ rí dókítà kíákíá, torí ìyẹn lè jẹ́ pé ọ̀ràn ti kan iṣan tó ń gbé ìmọ̀lára lọ sí ìka.

Yẹ rọ́bà ọwọ́ igi rẹ wò pẹ̀lú. Tó bá ti gbẹ, tó ń yọ̀, wàá máa fún un pa láìmọ̀, ìgúnpá ló sì máa jẹ̀bi rẹ̀. Pààrọ̀ rẹ̀; owó rẹ̀ kò tó ti driver rárá. Títí òjò yóò fi rọ ilẹ̀ dáadáa, fi tee kékeré, èèkàn tí wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lé, gbé bọ́ọ̀lù sókè, kódà bí igi irin ni o ń lò.

Ní báyìí ná, putter, igi tí a fi ń yí bọ́ọ̀lù sínú ihò, àti wedge, igi kúkúrú tí a fi ń gbé bọ́ọ̀lù sókè nítòsí ihò, ni kó o dojú kọ. Lórí pápá tí par rẹ̀, iye ìgbá tí wọ́n retí pé kí ọ̀jáfáfá fi parí ihò 18, jẹ́ 72, putter ni wọ́n ya ìgbá 36 sọ́tọ̀ fún, méjì lórí ihò kọ̀ọ̀kan, kò sì ní gbọn ìgúnpá rẹ. Ilẹ̀ àgbàlá tí wọ́n gbá mọ́ tó fún un, àgàgà fún ẹni tó máa gbá lórí bráwùn, yanrìn tí wọ́n fi epo pò yí ihò ká dípò koríko.

Má wá bọ́ọ̀lù pẹ́ nínú koríko gíga ìgbà òjò. Ìṣẹ́jú 3 ni òfin fún ọ, ejò kò sì ka ìṣẹ́jú. Bí àrá bá bẹ̀rẹ̀ sí í sán, kúrò lórí pápá, má sá sábẹ́ igi.

Ti handicap: láti 2020 tí ìlànà kan náà ti wà káàkiri àgbáyé, àròpín èsì 8 tó dára jù nínú èsì 20 tó kẹ́yìn ni wọ́n ń lò. Ọjọ́ rere kan ṣoṣo kì í sábà gbé ọ jìnnà sí 24, nítorí náà máa kó káàdì tí o kọ èsì eré rẹ sí jọ láti ìsinsìnyí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan dá káàdì mi padà torí pé kì í ṣe ọjọ́ ìdíje ni mo gbá a, bẹ́ẹ̀ sì ni ìlànà náà gba eré ọjọ́ lásán bí ẹnìkejì bá bá ọ gbá a tó lè jẹ́rìí. Jẹ́ kí ẹni yẹn fọwọ́ sí i, kí o ya fọ́tò rẹ̀ kí o tó gbé e fún wọn. Wọ́n máa ń sọ ọ́ nù.

Kóòṣì tí o bèèrè, gbà á bí o bá rí owó, ṣùgbọ́n sọ ọ̀rọ̀ ìgúnpá fún un lọ́jọ́ kìíní. Bó bá ní kí o mú ìrora náà mọ́ra, fi í sílẹ̀.

Kọ ọ́ padà fún mi bóyá ìhà inú ni ìrora náà wà tàbí ìhà òde. Bó bá jẹ́ òde ni, ẹ̀yìn ọwọ́ ló máa kọjú sókè nígbà tí o bá ń sọ ìgò náà kalẹ̀.