Ṣé a lè fi ọgbà ilé-ìwé kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìgbèríko Àbújá?

Bẹ́ẹ̀ ni. Olùkọ́ tó béèrè èyí láti Kwali, ní agbègbè Àbújá, sọ pé kíláàsì kò gba àwọn ọmọ tán. Ẹ lo ìta, kì í ṣe fún eré nìkan.

Sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò ló dùn ún kọ́ níta jù. Ẹ ri igi gbọọrọ kan mọ́lẹ̀ nínú oòrùn, kí àwọn ọmọ máa fi òkúta sàmì sí ibi tí òjìji rẹ̀ dé, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n. Wọ́n á rí i pé nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ ló máa ń kúrú jù ní Àbújá, kì í ṣe aago méjìlá géérégé. Ẹ tún un ṣe ní oṣù Kejìlá àti oṣù Kẹfà. Ní Kejìlá, òjìji ọ̀sán á kọjú sí àríwá. Ní Kẹfà, á kọjú sí gúúsù, torí oòrùn ti bọ́ sí àríwá wa. Ọmọ tó bá fojú ara rẹ̀ rí èyí á béèrè ìbéèrè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa á lẹ́nu mọ́.

Fún ìsọdipúpọ̀, kí wọ́n to òkúta ní ìlà mẹ́rin, márùn-ún márùn-ún. Ẹ fi amọ̀ mọ nǹkan pẹ̀lú: Kwali ni ìlú Ladi Kwali, amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn owó 20 náírà.

Yàtọ̀ sí ìgbà tí ẹ bá ń wọn òjìji, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ jáde, lábẹ́ dóńgóyárò tàbí máńgòrò. Ẹ kọ́kọ́ ro koríko nítorí ejò àti àkekèé. Bí ààrá bá ti ń sán, ẹ kó wọn wọlé kíá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dúró sábẹ́ igi.