Server, hard disk, Google Drive: ṣé ẹ̀dà wa ti tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa n'Íbàdàn lé ní 600. Orí server kan, kọ̀ǹpútà tó ń pa iṣẹ́ gbogbo wa mọ́ ní ọ́fíìsì, ni àkọsílẹ̀ owó ìpamọ́ àti ẹ̀yáwó gbogbo wa wà. A so hard disk kan mọ́ ọn tó ń da gbogbo rẹ̀ kọ lálaalẹ́, Google Drive náà sì ń kó fáìlì yẹn fúnra rẹ̀. Akápò wa ní ó ti tó. Ṣé lóòótọ́ ni?

Ìdáhùn: Kò tíì tó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ti ṣe ju ọ̀pọ̀ àwọn tí mò ń bá pàdé lọ. Òfin 3-2-1 tí àwa oníṣẹ́ yìí ń tẹ̀ lé ní kí ẹ̀dà jẹ́ mẹ́ta, kí ó wà lórí oríṣi ohun ìpamọ́ méjì, kí ọ̀kan jìnnà sílé. Bí a bá fi ẹnu kà á, ẹ ti pé e. Àmọ́ ẹ̀mí kan ṣoṣo ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ ń lò.

Wáyà hard disk yẹn kì í kúrò lára server. Ààrá tó bá pa server á pa á, olè tó bá gbé server á gbé e. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ransomware, ètò tí àwọn ọ̀daràn fi ń ti fáìlì ẹni pa kí wọ́n lè gbowó. Kì í bèèrè èwo ni ojúlówó, èwo ni ẹ̀dà. Díìsìkì tó bá ti bá lẹ́nu wáyà, ó ti tì í nìyẹn. Google Drive ní tirẹ̀, ohun tó bá rí lórí server ló ń ṣe. Tí fáìlì bá bàjẹ́, èyí tó bàjẹ́ ni yóò gbé. Ó ń pa ti àtẹ̀yìnwá mọ́ fún 30 ọjọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àṣìṣe inú ìwé owó lè má hàn títí tí ayẹ̀wéwò yóò fi dé.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2017, NotPetya, ètò aburú kan tó jọ ransomware, wọ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi Maersk ti Denmark. Nǹkan bí 150 server ni wọ́n ní káàkiri ayé tó ń pa orúkọ àti àṣẹ òṣìṣẹ́ mọ́, tí wọ́n sì jọ ń da ti ara wọn kọ. Wọ́n gbà pé bí ọ̀kan bá kú, ìyókù á dúró. Gbogbo wọn ló lọ lẹ́ẹ̀kan náà, àfi ọ̀kan ní Ghana, nítorí pé iná ti lọ níbẹ̀ kí aburú náà tó dé. Íntánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ kò yá tó láti fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí wọ́n ti ń tún nǹkan ṣe, òṣìṣẹ́ ibẹ̀ kò sì ní físà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ni ẹnì kan bá gbé hard disk wọ bàálù wá sí Nàìjíríà, ó fà á lé ẹlòmíì lọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfuurufú, onítọ̀hún sì gbé e dé London. Èyí tí kò sí lẹ́nu wáyà lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi gbé ilé iṣẹ́ dìde.

Nítorí náà, ẹ ra hard disk méjì sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ so ọ̀kan, ẹ da iṣẹ́ kọ sí i, ẹ yọ ọ́, kí akọ̀wé gbé e lọ sí àdúgbò mìíràn. Lọ́sẹ̀ kejì, èkejì ló kàn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà tì í, nítorí orúkọ àti gbèsè èèyàn ló wà níbẹ̀. Ibi tó jìnnà ni kí ó wà o: nígbà tí iná jó ilé OVHcloud, ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn pa iṣẹ́ mọ́ sórí server, ní Strasbourg nílẹ̀ Faransé lọ́jọ́ 10 oṣù Kẹta ọdún 2021, àwọn oníbàárà kan wà tí iṣẹ́ wọn àti ẹ̀dà rẹ̀ jọ wà nínú ọgbà kan náà. Méjèèjì ló bá iná lọ.

Bí server bá kú ní aago mẹ́ta ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, iṣẹ́ ọjọ́ mélòó ni ẹ lè fọwọ́ tún kọ láti inú rìsíìtì? Bó bá jẹ́ ọjọ́ kan péré, ti ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ nìkan kò ní gbà yín.

Ohun tó kù ni ìdánwò, òun ni mo sì fẹ́ kí ẹ mú ní kókó. Ilé ìwé kan pè mí rí. Lálaalẹ́ ni kọ̀ǹpútà wọn ń kọ ọ́ pé òun ti da iṣẹ́ kọ tán. A ṣí fóódà, 0 KB, 0 KB títí dé ìsàlẹ̀, ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan nínú fáìlì wọ̀nyẹn, láti ọjọ́ tí wọ́n ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà. Akọ̀wé wọn kàn ń wo ojú kọ̀ǹpútà ni, kò lè sọ̀rọ̀.

Ní Àbámẹ́ta yìí, ẹ wá laptop mìíràn, ẹ kó àkọsílẹ̀ sí i láti inú hard disk, kí ẹ má ṣe fọwọ́ kan server rárá. Ẹ mú ìwé ìfowópamọ́ ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta, kí ẹ fi wé ohun tó wà lójú laptop. Bí iye bá ṣe déédéé, ẹ kọ déètì rẹ̀ sínú ìwé ẹgbẹ́, kí ẹ tún un ṣe ní oṣù mẹ́ta sí i. Bí kò bá ṣe déédéé, ẹ pe ẹni tó ń bá yín tọ́jú server kí ọjọ́ Ajé tó mọ́.